Kí Ni Ewì Ń Kà? Àwọn Akéwì Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀rúndún Kẹrìndínlógún àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ewì Àkọsílẹ̀ Yorùbá

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìgbà méjì tí àwọn akéwì fi ìwọ̀n èdè mìíràn wọn èdè tiwọn: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àti ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. A fi hàn pé nínú ìtàn méjèèjì, ohun tí fonọ́lọ́jì èdè kò bá kà sí, ewì èdè náà kò lè gbé ara lé e fún ìgbà pípẹ́. Ohùn arọ́pò-orúkọ àbọ̀ ní èdè Yorùbá ni a fi ṣe ẹ̀rí. A sì fa ẹ̀kọ́ yọ fún àwọn tí ń túmọ̀ orin àti àwọn tí ń kọ́ni ní ewì.

1. Ìfáàrà

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń gbé ní Abidjan, ní Treichville, Adjamé àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ànàgó ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, òwò ni ó sì gbé wọn dé ibẹ̀. Bí wọ́n ti di ẹrù ọjà ni wọ́n di ìwé orin mọ́ ọn. Àwọn oníṣòwò Yorùbá wà lára àwọn tí ó gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi sí ilẹ̀ náà. Bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bá jókòó sí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò kíyè sí ohun kan. Nígbà tí oníwàásù bá ń sọ̀rọ̀, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ. Nígbà tí ìjọ bá dìde láti kọ orin inú ìwé, ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ẹni tí kò bá mọ orin náà sórí tẹ́lẹ̀ yóò ní láti wo ìwé kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Àwọn míṣọ́nnárì ni a sábà máa ń dá lẹ́bi fún èyí. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ó hun ìwọ̀n tí wọ́n gbé wá. Ìwọ̀n orin tí wọ́n fi lé Yorùbá lọ́wọ́ ti wà ní ààfin Henry Kẹjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta ṣáájú. Àwọn akéwì tí ó lò ó nígbà náà wà nínú ìṣòro kan náà tí àwọn òǹkọ̀wé ewì Yorùbá àkọ́kọ́ bọ́ sí: wọ́n ní èdè tí kò ì tí ì níyì lójú àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà fi àpẹẹrẹ èdè tí ó níyì tún un ṣe.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí ń bi ìtàn méjèèjì kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ewì ń kà? Nígbà tí akéwì bá ní ìlà kan tọ́ tàbí kò tọ́, kí ni ó kà kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé iye sílébù ni, tàbí gígùn sílébù, tàbí agbára tí a fi pè é, tàbí ohùn rẹ̀? Nígbà tí èmi fúnra mi ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun, wọ́n bi mí léèrè pé irú ìwọ̀n wo ni ewì Yorùbá ní. Mo lo oṣù púpọ̀ láti ka sílébù kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè náà gan-an ni ó ṣì mí lọ́nà.

2. Ìwọ̀n àyálò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Látìnì ni èdè ìmọ̀ ní Yúróòpù, èdè Ítálì àti Faransé sì ni èdè fáàrí ààfin. Ewì Gẹ̀ẹ́sì ní bàbá ńlá kan, Geoffrey Chaucer, ẹni tí ó kú ní 1400, ṣùgbọ́n ìpè èdè náà ti yí padà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fáwẹ̀lì kékeré tí ó wà ní ìparí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ohun tí a kì í pè mọ́, nítorí náà àwọn tí ó ń ka ìlà rẹ̀ kò tún gbọ́ ìwọ̀n tí ó fi kọ ọ́.

Sir Thomas Wyatt (1503–1542) ni ó kọ́kọ́ jáde lọ wá àpẹẹrẹ. Ó bá àwọn ikọ̀ ọba lọ sí Ítálì ní 1527, ó sì mú ewì onílà 14 tí Petrarch fi gbajúmọ̀ wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Henry Howard, Earl ti Surrey, tí wọ́n bẹ́ lórí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1547, tún ewì onílà 14 yìí tò lọ́nà tí ó rọrùn fún èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè bára mu ní ìparí; ìtò yẹn ni Shakespeare lò lẹ́yìn náà. Surrey náà ni ó túmọ̀ apá kejì àti apá kẹrin nínú ewì Aeneid ti Virgil sí ìlà onísílébù mẹ́wàá tí ìró ìparí wọn kò bára mu rárá. Kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tí ó wà láyé nígbà tí Richard Tottel tẹ ewì wọn jáde ní 1557. Ẹni tí ó bá Tottel tún ìwé náà ṣe fọwọ́ kan àwọn ìlà Wyatt, ó fi ọ̀rọ̀ kún ibì kan, ó yọ ọ́ kúrò níbòmíràn, títí ìlà tí ó rí gbágungbàgun fi di èyí tí ó tẹ́jú.

Ewì onílà 14 kọ́ ni ó kàn wá jù. Wyatt àti Surrey tún lo ìwọ̀n mìíràn tí kò níyì tó bẹ́ẹ̀: ìlà onísílébù 12 tí ìlà onísílébù 14 tẹ̀ lé. George Gascoigne, nígbà tí ó ń ṣàlàyé orúkọ ìwọ̀n yìí ní 1575, fi í wé àṣà àwọn tí ń ta adìyẹ àti ẹyin, tí wọn a fún oníbàárà ní 12 fún dọ́sìnì kan, tí wọn a sì fún un ní 14 fún dọ́sìnì kejì. Ọlọ́jà Yorùbá yóò mọ̀ pé ènì ni. Ní àárín àkókò náà, Thomas Sternhold, tí ń tọ́jú aṣọ ọba, ń túmọ̀ àwọn Sáàmù sí ìlà onísílébù 14. Ó kú ní 1549. John Hopkins àti àwọn mìíràn bá a parí iṣẹ́ náà, John Day sì tẹ ìwé Sáàmù kíkún jáde ní 1562.

Bí a bá gé ìlà onísílébù 14 sí méjì, a ó ní 8 àti 6. Ìlà méjì yóò fún wa ní 8, 6, 8, 6. Bí a bá gé ìlà 12 àti 14 lọ́nà kan náà, a ó ní 6, 6, 8, 6. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣí ìwé orin ìjọ Àǹglíkáà tàbí ti Mẹ́tọ́díìsì rí yóò mọ̀ pé àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí gan-an ni a ń tẹ̀ sí orí orin. Nígbà tí Isaac Watts tẹ àwọn orin rẹ̀ jáde ní 1707 àti àwọn Sáàmù rẹ̀ ní 1719, inú ìkòkò àtijọ́ yìí ni ó ṣì ń se ọbẹ̀ rẹ̀ sí.

3. Àríyànjiyàn lórí gígùn sílébù

Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ni inú rẹ̀ dùn sí ìwọ̀n wọ̀nyí. Nínú ewì Látìnì, gígùn sílébù ni a ń kà. Sílébù gùn bí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá gùn, tàbí bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá tẹ̀ lé fáwẹ̀lì náà. Roger Ascham, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ Elizabeth Kìíní, kọ ìwé The Scholemaster tí a tẹ̀ ní 1570 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti sọ pé àwọn Goth àti àwọn Hun, àwọn tí ó kà sí aláìlajú, ni ó kó àṣà ìró ìparí tí ó bára mu wọ Ítálì, ó sì rọ àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì láti padà sí ọ̀nà Gíríìkì àti Róòmù. Ẹ̀mí ìgbà náà ni. Ní 1570 yìí kan náà ni Jean-Antoine de Baïf dá àkádẹ́mì ewì àti orin sílẹ̀ ní Paris láti fi ìwọ̀n Látìnì kọ ewì Faransé.

Sir Philip Sidney dán an wò. Edmund Spenser náà dán an wò, lẹ́tà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gabriel Harvey, kọ síra wọn lórí ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní 1580. Àpẹẹrẹ kan nínú lẹ́tà wọ̀nyí yẹ kí gbogbo onímọ̀ fonọ́lọ́jì mọ̀. Spenser ń ronú lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyẹn carpenter. Kọ́ńsónáǹtì méjì, n àti t, tẹ̀ lé fáwẹ̀lì sílébù àárín; nítorí náà òfin Látìnì ní sílébù náà gùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń pè é ní gígùn. Kúkúrú ni lẹ́nu wọn. Spenser gbà pé nínú ewì, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí ń tiro, síbẹ̀ ó rò pé àṣà lè fi ipá tẹ èdè ba. Harvey, bí òun náà ti fẹ́ràn ìwọ̀n Látìnì tó, kọ̀ jálẹ̀: kò sí òfin tí ó ní àṣẹ láti yí ìpè tí gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀rọ̀ padà.

Richard Stanyhurst kò gbọ́ ìmọ̀ràn yìí. Ó túmọ̀ apá mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú Aeneid sí ìwọ̀n Látìnì, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Leiden ní 1582. Ẹ̀rín ni àwọn òǹkọ̀wé tí ó tẹ̀ lé e fi í rín. Sidney àti Spenser ní tiwọn fi ìdánwò náà sílẹ̀. Ìwọ̀n tí ó ń ka sílébù tí a fi agbára pè ni Sidney lò fún Astrophil and Stella, tí ó jáde ní 1591 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òun náà ni Spenser lò fún The Faerie Queene tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1590. Gascoigne ti sọ ọ́ ní 1575, ṣáájú gbogbo ariwo yìí, pé kí akéwì fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹnu ti ń pè é. Thomas Campion tún gbé ọ̀ràn gígùn sílébù dìde ní 1602. Samuel Daniel dá a lóhùn ní 1603 pé àṣà àti ìwà èdè ni ó ń ṣe òfin fún ewì, kì í ṣe Róòmù. Ó yẹ kí a rántí pé Campion fúnra rẹ̀, nínú àwọn orin tí ó kọ fún gòjé olókùn, lo ìró ìparí tí ó ń ta kò, ó sì lò ó dáadáa.

Kí ló dé tí ìdánwò náà fi kùnà? Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe é kò lóye. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, gígùn sílébù kì í dá dúró; agbára tí a fi pe sílébù ni ó ń darí rẹ̀, òun sì ni etí olùgbọ́ ń tẹ̀ lé. Akéwì tí ó bá ń ka gígùn ń ka ohun tí olùgbọ́ kò gbọ́. Ojú lè rí i nínú ìwé. Etí kò ní í mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n tí ó borí ni ìwọ̀n tí ó ka ohun tí èdè náà ti ń kà fúnra rẹ̀.

4. Bí ìwọ̀n náà ṣe dé Abẹ́òkúta

Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843, iṣẹ́ ìjọ C.M.S. sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ní 1846. Ìsìn kò lè ṣe láìsí orin, orin tí àwọn míṣọ́nnárì sì mọ̀ ni ti Watts àti àwọn arọ́pò rẹ̀. Afọlábí Ọlábímtán, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ní Yunifásítì Èkó ní 1974, bẹ̀rẹ̀ ìtàn ewì àkọsílẹ̀ Yorùbá láti 1848, nítorí orin ìsìn wọ̀nyí ni ewì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ sínú ìwé ní èdè náà. Báyìí ni ewì àkọsílẹ̀ Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n 8, 6, 8, 6.

Ohun mẹ́ta ni ìwọ̀n yìí béèrè: iye sílébù, agbára sílébù, àti ìró ìparí. Iye sílébù kò ṣòro fún Yorùbá. Sílébù rẹ̀ ṣe kedere, ẹnikẹ́ni lè kà á. Agbára sílébù kò ní iṣẹ́ kankan nínú fonọ́lọ́jì wa, nítorí náà òfo ni. Ní ti ìró ìparí, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àbínibí tí ó fi kọ́ńsónáǹtì parí. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje àti ìwọ̀nba àránmúpè ni gbogbo ohun tí ó lè wà ní ìparí ìlà. Níbi tí ohun gbogbo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu tẹ́lẹ̀, ìbáramu kì í ṣe iṣẹ́ ọnà mọ́. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni iye sílébù nìkan, pẹ̀lú orin tí a ti ṣe fún èdè mìíràn.

5. Kọ́ mi àti kọ̀ mí

Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé ohùn ni ó ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìpalára tí orin àyálò ń ṣe jinlẹ̀ ju ti ẹyọ ọ̀rọ̀ lọ. Ó wọ inú gírámà. Arọ́pò-orúkọ àbọ̀ onísílébù kan kò ní ohùn tí ó dúró lójú kan. Bí ohùn òkè bá wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan, ohùn àárín ni arọ́pò-orúkọ náà ń gbà. Bí ohùn ìsàlẹ̀ tàbí ti àárín bá wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe, ohùn òkè ni ó ń gbà. Nítorí náà ni a fi ń wí pé ó kọ́ mi, ṣùgbọ́n ó kọ̀ mí. Ó gbá mi, ṣùgbọ́n ó gbà mí.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Kọ́ mi ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sí àárín. Kọ̀ mí ń gòkè láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀kọ́ àti ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìlà orin kan fúnra wa, tí onígbàgbọ́ fi ń tọrọ pé kí Jésù kọ́ òun. Bí orin tí a fi lé e bá gòkè ní sílébù méjì tí ó kẹ́yìn, ohun tí etí gbọ́ ni pé Jésù kọ̀ mí. Bí a bá sì fẹ́ dúpẹ́ pé ó gbà mí, tí orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ohun tí a kọ ni pé ó gbá mi, bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Àdúrà di ẹ̀sùn; ọpẹ́ di ìròyìn ìjà.

Ẹnì kan lè sọ pé kí a wá orin tí ó bá ọ̀rọ̀ mu. Ìwọ̀n àyálò yìí kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí orin kan ṣoṣo ni a fi ń kọ gbogbo ẹsẹ. Bí orin bá bá ohùn ẹsẹ kìíní mu, ohùn ẹsẹ kejì yàtọ̀, ti ẹsẹ kẹta sì tún yàtọ̀. Èyí ni carpenter tiwa: òfin tí ó ṣe déédéé lójú ìwé, tí kò sì ṣe é gbọ́ létí. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó pe carpenter bí Látìnì ti wí sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn. Yorùbá tí ó kọ orin bẹ́ẹ̀ lè sọ òdì kejì ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

6. Ohun tí ewì Yorùbá ti ń kà

Ẹ̀rí pé ewì Yorùbá ní ìlànà tirẹ̀ kò pamọ́ nígbà náà. Ní 1852 tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Owen Vidal, bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Sàró, kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé náà, ó sì tọ́ka sí i pé ewì ni àwọn òwe Yorùbá, àti pé bí awẹ́ gbólóhùn kan ṣe ń dá èkejì lóhùn nínú wọn jọ ti ewì Hébérù inú Bíbélì. Nígbà tí orin 8, 6, 8, 6 ń jáde lọ́wọ́ kan, àlàyé ewì Yorùbá wà ní ọwọ́ kejì nínú ilé kan náà, kò sì sí ẹni tí ó so méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì òwe tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìlù ògìdìgbó: ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Sílébù méje ni awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, gírámà wọn sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn wọn. Ọlọ́gbọ́n jẹ́ àárín, òkè, òkè. Ọ̀mọ̀ràn jẹ́ ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Jó o sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sí àárín. Mọ̀ ọ́n gòkè láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Ìyípadà ohùn arọ́pò-orúkọ tí orin àyálò tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni òwe yìí fi dárà. Ohun tí ó di àṣìṣe lọ́wọ́ òǹtumọ̀ orin jẹ́ ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ onílùú. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ ti 1984 lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá, ka irú ìfohùndárà báyìí mọ́ àwọn òpó ewì náà.

A lè rò pé sílébù méje sí méje ni ó so òwe náà pọ̀. Ẹ wá wo òmíràn: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Awẹ́ kìíní ní sílébù 11, èkejì ní 9, kò sì sí Yorùbá kan tí etí rẹ̀ gbọ́ àléébù níbẹ̀. Aṣọ àti àkísà tí ó dojú kọ ara wọn ni ó gbé òwe náà ró, pẹ̀lú bí àgbà tí ó padà wá ní ìparí. Kíka sílébù kò ní í ṣàlàyé èyí láéláé.

Àwọn òǹkọ̀wé kan gbọ́ ohun tí Vidal gbọ́, láti inú ilé ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ. Ní 1886, E. M. Líjàdù tẹ ìwé kékeré kan tí ó kó orin Aríbilọ́ṣọ̀ ará Ẹ̀gbá jọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Josiah Ṣóbọ̀wálé Ṣówándé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ṣóbọ̀ Aróbíodu, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àrọfọ̀ rẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta. Onígbàgbọ́ ni Ṣóbọ̀, ó mọ ìwé orin. Síbẹ̀ ìlànà àwọn orin Orò Ẹ̀gbá ni ó tẹ̀ lé, ní ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá, láti fi sọ̀rọ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú. Ní Ìbàdàn, Dẹ́nrelé Ọbasá (1878–1945), tí ó dá ìwé ìròyìn The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924, tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, èkejì ní 1934, ẹ̀kẹta ní 1945. Ọbasá ń to òwe àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà lé ara wọn lábẹ́ àkọlé kan, gólóhùn dá gbólóhùn lóhùn, títí èrò yóò fi jáde. Àwọn kan ti bá a wí pé kò dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lójú ìtàn tí a ń sọ, iṣẹ́ tí ó ṣe pọ̀: ó fi hàn lórí ìwé pé ìlà ewì Yorùbá lè dúró láìka sílébù àti láìsí ìró ìparí, nígbà tí ìwé orin ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kò lè ṣe é ṣe.

7. Àtakò àti ìyàtọ̀

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má ṣe àṣejù. Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọ Yorùbá fẹ́ràn orin inú ìwé wọn, wọ́n sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrántí ni ó ń gbé ìtumọ̀ náà ró. Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n ni ó ń gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe dandan kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Àwọn orin ìbílẹ̀ wa pàápàá ń yà díẹ̀ níbi tí ìtumọ̀ kò ti lè ṣini lọ́nà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìwé orin fún wa ní ohun tí a kò ní tẹ́lẹ̀: ìlà tí a ń kọ sójú ewé àti ẹsẹ tí a ń fi àlàfo yà sọ́tọ̀. Ọbasá lo méjèèjì. Ìdánwò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe pẹ̀lú gígùn sílébù náà kò já sí asán pátápátá. Ó kọ́ wọn láti fi etí sí èdè wọn.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni ó yá ìwọ̀n Látìnì, àwọn fúnra wọn ni ó sì dá a padà láàárín ìran kan. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí ó mú ìwọ̀n wá ni ó ni ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìtẹ̀wé, nítorí náà ìdápadà pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ṣá. Josiah Jesse Ransome-Kuti (1855–1930), àlùfáà ará Ẹ̀gbá, ṣe orin ìsìn tí ó fi etí sí ohùn ọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ Zonophone sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní 1922. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó ń tẹ ọ́gáànì ní Kàtídírà Church of Christ ní Èkó láti 1914 sí 1962, fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ lórí orin Yorùbá ní 1953.

Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire gan-an, ìdáhùn náà ti wáyé ní ọ̀nà tí ó yára ju gbogbo èyí lọ. Wòlíì William Wadé Harris wọ ilẹ̀ náà láti Làìbéríà ní 1913, àwọn Faransé sì lé e jáde lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Nígbà tí àwọn Dida béèrè orin tí wọn yóò fi yin Ọlọ́run, ó ní kí wọ́n mú orin tiwọn, kí wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. James Krabill ti tọpa àwọn orin wọ̀nyí títí dé 1949 nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1995. Èdè olóhùn ni Dida. Harris kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ bá ti Gascoigne àti ti Daniel mu: bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnu ti bẹ̀rẹ̀.

8. Ìgúnlẹ̀

Ìtàn méjèèjì fi ohun kan náà hàn wá. Ìwọ̀n ewì lè ti òkè òkun wá, ó sì lè pẹ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí etí àwọn tí ó ni èdè kò bá kà, ewì wọn kò ní í gbé ara lé e. Gẹ̀ẹ́sì dá gígùn sílébù padà, ó di agbára sílébù mú. Ìwọ̀n tí Gẹ̀ẹ́sì rí fún ara rẹ̀ ni a sì gbé wá fún Yorùbá bí ẹni pé gbogbo èdè ni ó ń ka ohun kan náà.

Àǹfààní mẹ́ta ni ó yẹ kí èyí ṣe fún wa. Àwọn tí ń túmọ̀ orin sí Yorùbá, Dida, Baule tàbí èdè olóhùn mìíràn ní láti yẹ ohùn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pàápàá níbi tí gírámà ti ń yí ohùn padà. Àwọn tí ń tẹ ewì àtijọ́ jáde ní láti fi àmì ohùn sí i kíkún. Ọ̀pọ̀ ìwé ìgbà Ọbasá kò ní in tó, bí kò bá sì sí níbẹ̀, idán tí akéwì pa kò hàn lójú ewé. Àwọn tí ń kọ́ni ní ewì ní láti dẹ́kun bíbi ọmọ léèrè pé sílébù mélòó ni ó wà nínú ìlà àti pé èwo ni ó bá èwo mu ní ìparí, kí wọ́n tó bi í pé ohùn wo ni ó dá ohùn wo lóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi ní ìbéèrè kejì yìí kò ní láti lọ sí òkè òkun kí ó tó dáhùn. Ó ti gbọ́ ìdáhùn náà lẹ́nu àgbà kí ó tó mọ ìwé kà.